IKÚ ÒJIJÌ LÁÀÁRÍN ÀWỌN Ọ̀DỌ́: KÍ NI A LÈ ṢE SÍ ÀRÙN ỌKÀN?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlera sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Kánò

  

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìlera kí ìlù tó gba gbogbo ilẹ̀. A mọ̀ pé ọjọ́ ayọ̀ ni òní. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ gbọ́ orúkọ ikú níbi tí oúnjẹ ti ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń jó náà, ó yẹ kí a máa ríran.

OHUN TÓ MÚ WA SỌ̀RỌ̀

Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn bàbá wa ti ń wá sí ìlú yìí wá ṣiṣẹ́, wá ṣòwò, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe náà pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo wa la ń gbàdúrà pé kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn padà sílé nígbà tí orí bá funfun. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn kan nínú wa ń padà sílé nínú pósí, wọn kò tíì pé ogójì ọdún. Ọ̀nà láti ibí dé Ìbàdàn lé ní 800 kìlómítà. Ẹ ro bí ó ti rí kí ọkọ̀ òkú rìn ín láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí bàbá àti ìyá arúgbó máa dúró de ọmọ tó yẹ kó sin wọ́n.

Bí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ohun tí à ń gbọ́. Ẹnìkan a ní, “Àná ni a jọ jẹun, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Ẹlòmíràn a ní wọ́n ta á lọ́fà ni, pé nítorí ilé tó ń kọ́ sílé ni. Nígbà mìíràn, ìyàwó tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀ ni àwọn ẹbí ọkọ yóò kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á ní kó wá sọ ohun tó fún ọkọ rẹ̀ jẹ. Opó náà á wá ru ẹrù méjì: ikú ọkọ àti ẹ̀sùn.

A kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni a wá sọ: èyí tó pọ̀ nínú ikú tí à ń pè ní òjijì kì í ṣe òjijì rárá. Ó ti ń rìn bọ̀ láti ọdún márùn-ún, láti ọdún mẹ́wàá. Ó ní ohun tí a fi lè wọ̀n ọ́n, ó ní àmì, ó sì ní ohun tí a lè ṣe sí i. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.9 ènìyàn ni àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa káàkiri ayé. Kò sí àrùn mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀.

BÍ ÀRÙN NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ di ọwọ́ yín ní ìkúùkù, kí ẹ wò ó. Bí ọkàn ènìyàn ṣe tóbi mọ nìyẹn. Ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́ láti gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara, kì í sinmi, àní nígbà tí a bá sùn. Ọkàn yìí fúnra rẹ̀ nílò oúnjẹ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó yí i ká ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún un.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá a máa rọra kó jọ sí ara iṣan wọ̀nyí bí ìdọ̀tí ti ń há sínú páìpù omi. Ẹni náà kò ní mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ojú ibi tí ọ̀rá náà wà á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dì lé e lórí, ọ̀nà á dí. Apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ nínú ọkàn kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní heart attack. Àwa yóò máa pè é ní dídí iṣan ọkàn.

Ohun kejì wà tí àwọn ènìyàn máa ń pò mọ́ ọn: kí ọkàn dáwọ́ lílù dúró pátápátá. Ẹni tí èyí bá ṣe á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dáhùn, kò ní mí dáadáa. Dídí iṣan ọkàn lè fa èyí, àrùn ọkàn mìíràn náà sì lè fà á. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ń fún wa ní ìwọ̀nba wákàtí láti dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni èkejì ń fún wa.

ṢÉ ÀRÙN ÀGBÀ KỌ́ NI?

Àwọn tó ti dàgbà ni ó ń ṣe jù lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó, láti lọ sí Ife Àgbáyé. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, agbábọ́ọ̀lù tó tún kàwé òfin, ṣubú lórí pápá láìsí ẹni tó kọlù ú. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ọ̀dọ́ tó ń sáré lójoojúmọ́ ni, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń wò ó, síbẹ̀ ojú lásán kò rí ohun tó wà nínú àyà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, ọmọ ọdún 29, ṣubú bákan náà ní Copenhagen nígbà tí wọ́n ń bá Finland gbá. Ọkàn rẹ̀ dúró. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lórí pápá níbẹ̀, wọ́n sì lo ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn. Ó jí. Ní ọdún 2022, ó ti padà sórí pápá. A kò sọ pé àrùn àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí à ń sọ ni pé ọ̀dọ́ kì í ṣe ààbò, ara líle kì í ṣe ẹ̀rí, àti pé ohun tí àwọn tó wà nítòsí bá ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ikú àti ìyè.

OHUN TÓ Ń FÀ Á

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52 lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí iṣan ọkàn wọn dí. Wọ́n rí i pé ohun mẹ́sàn-án tí a lè tún ṣe ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, láwọ̀ dúdú láwọ̀ funfun. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó kan àwa tí a wà lájò.

1. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ni olórí ọ̀tá wa. Kì í dunni, kì í gbóná, kì í ta. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè máa ru àpò sìmẹ́ńtì kiri kó má mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ rí dókítà. Bí dókítà bá sì fún yín ní oògùn, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá. Oògùn náà ló mú kí ara yá.

2. Sìgá. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí iṣan ọkàn wọn ń dí, sìgá ni a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá jáwọ́, àǹfààní rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kokéènì àti oògùn olóró tí àwọn ọmọ ń pè ní áìsì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè fún iṣan ọkàn pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

3. Àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fi wọ́n hàn. Bí bàbá yín tàbí arákùnrin yín bá ti ní àrùn yìí kó tó pé ọdún 55, tàbí tí ìyá yín tàbí arábìnrin yín ní in kó tó pé ọdún 65, ẹ tètè lọ ṣe àyẹ̀wò. Àrùn náà lè máa rìn nínú ẹbí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣépè.

4. Iyọ̀ àti oúnjẹ alẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lóòjọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutí kan. Magí inú ọbẹ̀, iyọ̀ ara súyà, ti inú ìndómì, gbogbo rẹ̀ ni a ó kà mọ́ ọn. Súyà Kánò dùn, a kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí a ti ṣọ́ọ̀bù dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí a fi súyà àti ọtí ṣe oúnjẹ, kí a sùn lé e lórí, kí ó sì máa rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ara kò gbà á.

5. Ìjókòó. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awakọ̀ bọ́ọ̀sì wé kọ́ńdọ́. Iléeṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Awakọ̀ ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ sókè sódò. Àrùn ọkàn ń ṣe awakọ̀ ju kọ́ńdọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Sábóńgàrí láti òwúrọ̀, ẹ̀yin onímọ́tò àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ gbọ́ ọ. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

6. Ìrònú. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ níbí, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, ilé tí à ń kọ́ sílé kí wọ́n má bàa ní ọwọ́ wa ṣófo, ìnáwó ìsìnkú àna, àjọ tó ti tó san. Ẹni tó bá ń ru gbogbo rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọkàn rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀. Ilé tí a kò gbé kú kò yẹ kó pa wá.

ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FOJÚ DI

Kí àyà máa wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e, tàbí kó fún bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í, tí kò sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ìrora náà máa lọ sí apá, pàápàá ti òsì, sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀, sí ẹ̀yìn tàbí òkè ikùn. Kí òógùn tútù máa bò ni láìsí ooru. Kí èémí má dé ìsàlẹ̀. Kí èébì máa gbé ni, kí ojú máa ṣú ni.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fetí sílẹ̀. Obìnrin lè má ní ìrora àyà tó lágbára. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ tí kò nídìí, èébì, tàbí àìlèmí dáadáa. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà lè má mọ ìrora kankan lára. Èyí tó tún kan àgbègbè tí a wà yìí ni ti àwọn abiyamọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Sáríà ti ń kọ̀wé nípa ọkàn tó ń rẹ̀ lára àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ìyá ọmọ tuntun bá ń wú lẹ́sẹ̀, tí kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja nítorí èémí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àárẹ̀ ìbímọ lásán ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ohun tó ń pa wá jù níbí ni orúkọ tí à ń fún àmì wọ̀nyí. A ó ní ọgbẹ́ inú ni, a ó ní ibà ni, a ó ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. A ó mu àgbo, a ó ra oògùn ikùn ní kẹ́míìsì, a ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

OHUN TÍ A Ó ṢE NÍ WÁKÀTÍ ÀKỌ́KỌ́

Kí ẹni náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kí ó jókòó. Kí ó má ṣe wa mọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ọkàn, irú èyí tó wà ní Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni Aminu Kano. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ yà sí kẹ́míìsì. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni kí ẹ ti máa gbà á. Bí ẹni náà kò bá ní ọgbẹ́ inú, tí ásípírínì kì í bá a jà, tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì orí fóònù sì fọwọ́ sí i, ó lè rún ásípírínì 300 mílígíráàmù lẹ́nu. Kí wíwá ásípírínì má sì dá ọkọ̀ dúró.

Bí ẹnìkan bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ má ṣe da omi sí i lára, ẹ má ṣe fi ṣíbí ya eyín rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle. Kí ẹnìkan sáré wá ọkọ̀. Kí ẹnìkan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, kó fi ọwọ́ kejì lé e, kó na apá méjèèjì gbọọrọ, kó sì máa tẹ àyà náà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kó máa jẹ́ kí àyà náà padà sókè kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá kọjá láìtẹ àyà ń gba apá kan nínú ìrètí ìyè ẹni náà lọ.

OHUN TÍ A Ń BẸ ẸGBẸ́ FÚN

Alága, ẹ jọ̀wọ́, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa dé orí kókó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ọwọ́ wa kì í falẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó ti dáwó, a ó ti rí ọkọ̀, a ó ti ra pósí, a ó ti ran aṣọ. Ohun rere ni, ẹ má jẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà bá nílò owó àyẹ̀wò nígbà tó wà láàyè, ojú á tì í láti bèèrè, ojú á sì tì wá láti bi í. Owó òkú ń yá wa lọ́wọ́ ju owó ìwòsàn lọ. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ yí ètò yìí padà.

Lọ́nà kìíní, kí yàrá kan wà nínú gbọ̀ngàn tí à ń dáwó fún lónìí, tí a ó ti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí olúkúlùkù ní káàdì tí a ń kọ iye rẹ̀ sí.

Lọ́nà kejì, kí ẹgbẹ́ pe àwọn nọ́ọ̀sì wa láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní títẹ àyà, títí yóò fi di pé ní gbogbo àdúgbò tí a ń gbé, ẹnìkan ó kéré tán mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́nà kẹta, kí àwọn onímọ́tò inú wa kọ nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀, kí a mọ ẹni tí a lè pè ní òru ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Lọ́nà kẹrin, kí a jùmọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Kò sì yẹ kó jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni yóò máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Títí di òní, à ń lo òwe yìí fún ìkówójọ. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí a tún máa lò ó fún àyà ara wa gan-an. Gbọ̀ngàn yóò dúró, ní àṣẹ Ọlọ́run. Kí àwọn tó kọ́ ọ náà dúró pẹ́ láti jó nínú rẹ̀.

Ìlera loògùn ọrọ̀. A kò ní fi ọ̀dọ́ ṣòfò mọ́. Ọmọ kò ní ṣáájú òbí lọ nínú wa. Bí ó bá di ọjọ́ àtilọ sílé, ẹsẹ̀ wa la ó fi rìn ín, ẹnu wa la ó fi ròyìn àjò.